Bí Monínúọlá Ṣe Díye Lé Ilé Baba Rẹ̀

Ó yẹ kí ayé gbọ́, kí ó sì wà ní àkọsílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, pé Monínúọlá Adéjọbí ti Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, máa ń lọ àkísà. N kò wí pé aṣọ. Àkísà ni mo wí: èyí tí ó fi ń nu ilẹ̀, èyí tí ó fi ń gbé ìkòkò gbígbóná kúrò lórí iná, àti èyí tí ó ti gbó débi pé kò ṣeé fi nu nǹkan kan mọ́. Lọ́sàn-án Sátidé, yóò fọ gbogbo wọn, yóò sá wọn, yóò kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù, yóò sì lọ̀ wọ́n títí igun wọn yóò fi bára mu. Bí o bá bi í pé kí ni èyí wà fún, yóò wò ọ́ bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, yóò ní, "Ṣé kì í ṣe aṣọ ni òun náà tẹ́lẹ̀ ni?"

Tíṣà ni. Ó kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Èkìtì, ó sì fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé. Ó ti lọ́kọ rí ní Ìyìn-Èkìtì. Ọkùnrin náà kò burú. Ó kàn fẹ́ràn àtimáa sọ ìtàn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ràn àtimáa tún ìtàn náà ṣe lójú wọn. Bí ọkọ bá ní ejò tí òun pa lóko gùn bí ọ̀pẹ, ìyàwó yóò dáhùn láti inú ilé pé òun rí ejò náà, kò gùn ju ìgbálẹ̀ lọ. Irú ìfẹ́ báyìí kì í pẹ́. Nígbà tó yá, Monínúọlá di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé baba rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń pè é ní dálémosú lẹ́yìn títí ó fi kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé kíkà. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá Tíṣà lójú, tí dálémosú sì wá di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó padà bá ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn àti bàbá tí ojú rẹ̀ ń lọ. Ó tọ́jú ìyá títí ìyá fi kú. Ó tọ́jú bàbá títí bàbá náà fi kú. Nígbà tí ó máa fi gbójú sókè, kò ku ẹni tí yóò tọ́jú mọ́ àfi ilé.

Ilé ọ̀hún kì í ṣe ilé ńlá. Ilé ilẹ̀ ni, yàrá dojú kọ yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàrin wọn, bàráńdà níwájú pẹ̀lú àwọn òpó kúkúrú tí wọ́n fi síménì ṣe ọnà sí lára, ilé ìdáná lẹ́yìn. Wọ́n fi síménì kọ 1958 sókè iwájú ilé, òjò sì ti ń sa gbogbo ipá rẹ̀ láti pa mẹ́jọ tó kẹ́yìn rẹ́. Ọdún tí wọ́n bí Monínúọlá nìyẹn. Owó oṣù kọ́ ló kọ́ ọ, owó kòkó ni. Tíṣà Adéjọbí, bàbá rẹ̀, a máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò láàárọ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́ a gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko kòkó rẹ̀ lọ́nà Ìyìn, a lọ ṣe ìṣirò tirẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá kọ́lé sí Òkè-Ìlá ti dé. Tíṣà ni wọ́n, akọ̀wé ìjọba ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọmọ ìjọ ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń kí ara wọn láti bàráńdà dé bàráńdà.

Nísinsìnyí, àwọn tó kọ́lé ti kú, àwọn tó jogún ilé sì wà lókè òkun, wọ́n ń bi ara wọn léèrè lórí fóònù bóyá òrùlé ṣì wà níbẹ̀. Ilé kan ti di ṣọ́ọ̀bù oògùn. Òmíràn ti di ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Èyí tó tẹ̀ lé e ti di ilé àdúrà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni pé etí Rẹ̀ ti di. Lára ògiri àwọn tó ṣẹ́ kù, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹni tó bá mọ Adó mọ̀ pé àkọlé yìí ni àwọn alágbàtà fi ń mọ ilé tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kò sí ìjà láàrin Monínúọlá àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìjà ì bá tilẹ̀ sàn. Akínbọ́lá wà ní Ìbàdàn, Ṣèyítán wà ní Kánádà, àwọn méjèèjì sì máa ń pè é bí ọdún bá dé. Ní ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọdún, Akínbọ́lá wá fúnra rẹ̀. Ó jókòó sí bàráńdà, ó mu omi, ó gbé ife sílẹ̀, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Sìsítà," ó ní, ó sì fi ohùn Èkìtì pe ilé, "ọ̀rọ̀ ulé yìí ni."

"Kí ló ṣe ulé?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe é gan-an nìyẹn."

Akínbọ́lá ní òun àti Ṣèyítán ti ń dàgbà, àwọn ọmọ wọn kò mọ ọ̀nà Adó, bí wọ́n bá sì kú láìyanjú ọ̀rọ̀ ilé, àwọn ọmọ yóò pàdé ara wọn ní kóòtù kí wọ́n tó pàdé níbi ìgbéyàwó. Wọ́n ti rí ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa díye lé ilé. Yóò wá wo ti Bàbá.

"Bí iye tó bá wí kò bá tó nǹkan," Akínbọ́lá ní, "kí ẹ máa gbé inú rẹ̀ títí Ọlọ́run yóò fi pè yín. Èmi àti Ṣèyítán ò ní dá a sọ mọ́ láé. Bí ó bá tó nǹkan, a ó tà á, a ó pín in sí mẹ́ta, ẹ ó gba tiyín."

"Ta ni yóò sọ bóyá ó tó nǹkan?"

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ó tọ́," Monínúọlá ní.

Àìsàn tó ń ṣe é nìyẹn láti kékeré. Ohun tó bá ti tọ́, yóò gbà á, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa pa á.

Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì lè yanjú rẹ̀ láìka ìka: bí ilé bá jọ ohun tí kò ní láárí lójú àlejò, Monínúọlá yóò kú sínú yàrá tí wọ́n bí i sí. Bí ilé bá jọ nǹkan, yóò lọ kú síbòmíràn.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò náà tán ni Àyọ̀kẹ́. Ọmọ Ìwó ni, ó ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní Ọjà Ọba, ó sì háyà yàrá kan nínú ilé náà láti ìgbà tí Tíṣà Adéjọbí ṣì wà láyé. Bí wọ́n bá ta ilé, òun náà ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ó bá Monínúọlá ní ilé ìdáná.

"Màmá Tíṣà, ẹ gbọ́ tèmi. Láti òní lọ, ẹ má gbálẹ̀ mọ́."

"Kí n má gbálẹ̀?"

"Ẹ má gbá a. Ibi tó ń jò ní pálọ̀ yẹn, ẹ gbé garawa síbẹ̀, kí omi máa kán sínú rẹ̀, tó, tó, tó. Bí sọ̀fẹ́yọ̀ tó fẹ́ díye lé ilé bá dé, n ó tú ewúrẹ́ mi sílẹ̀."

"Kí ni ewúrẹ́ fẹ́ ṣe?"

"Yóò kàn gba inú pálọ̀ kọjá ni."

"Pálọ̀ Tíṣà Adéjọbí?"

"Mi ò ní kó jókòó sórí àga, Mà. Mo ní kó kọjá."

"Yóò su síbẹ̀."

"Èdùmàrè jẹ́ kó su!" Àyọ̀kẹ́ ní. "Ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn."

Monínúọlá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbà. Kò sì fẹ́ kú síbòmíràn. Ó mọ ohùn tí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ń ké nínú ilé yẹn. Bí iná bá lọ, kò nílò àtùpà láti dé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àwọn tí ì bá máa bá a sọ̀rọ̀ ti lọ tán, ṣùgbọ́n wọ́n kú sí ibi tí ó mọ̀, ní yàrá ọwọ́ òsì àti yàrá ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn sì tó o. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́jọ́ kejì ó ní orí ń fọ́ òun. Lọ́jọ́ kẹta kò jẹun. Ẹni tó bá rí i ì bá rò pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí sọ̀fẹ́yọ̀ ń bọ̀, ìró ìgbálẹ̀ ló jí Àyọ̀kẹ́. Ó sáré jáde.

"Màmá Tíṣà, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Iwájú ilé nìkan ni mo ní kí n gbá. Kí àlejò má baà rò pé kò sí ènìyàn níbí."

Àyọ̀kẹ́ lọ wẹ̀. Nígbà tí ó jáde nílé ìwẹ̀, Monínúọlá wà lórí àpótí, ó ń fi ọṣẹ fọ gíláàsì fèrèsé. Àyọ̀kẹ́ wọ pálọ̀. Ilẹ̀ ń dán. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo àwọn àga. Bàbá àti ìyá tó wà nínú fọ́tò, ojú wọn ti mọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa.

"Garawa dà?"

"Mo ní kí káfíńtà wá wo òrùlé lánàá."

"Kó wá wò ó ni, àbí kó wá tún un ṣe?"

"Àyọ̀kẹ́, àlejò kò gbọ́dọ̀ wá bá ilé bàbá mi kó máa jò. Ojú tì mí."

Àyọ̀kẹ́ ká ọwọ́ lérí. "Yé! Ẹ̀yin ará Èkìtì yìí! Òótọ́ ló máa pa yín."

"Òótọ́ kì í pani."

"Ẹ fara balẹ̀, Mà. Kò tíì dé ni."

Ó dé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ọlálérè ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó wá láti Ìkìrun, tí Adó gbà lálejò, tó sì di onílé níbẹ̀. Kì í ṣe sọ̀fẹ́yọ̀ tó ń fi awò wo ilẹ̀. Èyí tó ń díye lé ilé ni, ṣùgbọ́n sọ̀fẹ́yọ̀ náà ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ti wo ilé àwọn àgbàlagbà púpọ̀ rí, ó sì ti kọ́ láti máa wo ojú ènìyàn kí ó tó wo ògiri. Àyọ̀kẹ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti ro gbogbo ẹjọ́ fún un kí ó tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Ọlálérè kàn mi orí. Òun náà ní ìyá ní Ìkìrun.

Ẹ gbà mí gbọ́ pé ọkùnrin yìí fi gbogbo agbára rẹ̀ gbìyànjú láti gba Monínúọlá là. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ ògiri, ó sọ ọ́ sókè kí onílé lè gbọ́:

"Amọ̀ ni ògiri yìí. Wọ́n kàn fi síménì rẹ́ ẹ lójú ni."

Ẹ̀bùn ló gbé kalẹ̀ yẹn. Ó ku kí ènìyàn nawọ́ gbà á.

"Ta ló sọ fún yín?" Monínúọlá ní.

"Ilé ayé ìgbà yẹn, Mà, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ ọ nìyẹn."

"Àwọn ilé ayé ìgbà yẹn pọ̀ lójú títì, ẹ lọ wò wọ́n. Búlọ́ọ̀kù nìyí. Àgbàlá yìí ni bàbá mi ti gé e. Ẹ kàn án."

Ọlálérè fi ìka kàn án.

"Ẹ kàn án bí ọkùnrin. Kì í ṣe ilẹ̀kùn àna yín."

Ó kàn án. Ìka dùn ún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé búlọ́ọ̀kù ni.

Wọ́n dé igun pálọ̀. "Ògiri ti lanu níbí," Ọlálérè ní.

"Aláǹgbá wà nínú rẹ̀, sà!" Àyọ̀kẹ́ ké láti ẹnu ọ̀nà. "Mo ti rí i! Ó tóbi!"

"Aláǹgbá kankan kò sí nínú ògiri Tíṣà Adéjọbí," Monínúọlá ní. "Ojú rẹ̀ ló bó. Ẹ wo inú rẹ̀."

Ọlálérè wo inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló bó.

"Páànù ti dípẹtà, Mà. Èyí ò ṣeé jiyàn sí."

"N kò jiyàn. Òkè rẹ̀ dípẹtà. Ṣùgbọ́n páànù ayé àtijọ́ nípọn. Èyí tí ẹ̀yin ń kàn sórí ilé nísinsìnyí, bí ológbò bá húkọ́ lórí rẹ̀, ó ti tẹ̀."

Ọlálérè bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó rọra sún mọ́ obìnrin náà. "Mà," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Ojú mi kì í rí ohun tí wọn kò bá fi hàn mí."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi hàn yín," Monínúọlá ní.

Wọ́n bọ́ síwájú ilé. Ní ẹ̀gbẹ́ bàráńdà, pẹpẹ síménì gbọọrọ kan wà níbẹ̀, tí wọ́n fi táìlì bò. Ọlálérè rí i, ó ṣí fìlà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Adó ló jẹ́ pé iwájú rẹ̀ ni wọ́n sin àwọn tó kọ́ ọ sí, wọ́n á sì fi táìlì tó dára ju ti inú ilé lọ bo ibojì wọn. Kò sí ohun tó ń lé oníbàárà bí i pé kí wọ́n ní kó wá ra òkú ẹlòmíràn mọ́ ilé.

"Bàbá nìyí?" Ọlálérè béèrè. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti rí ọ̀nà.

"Bàbá ni, sà!" Àyọ̀kẹ́ ti kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Bàbá àti Màmá, àwọn méjèèjì. Sùn un re o, Bàbá! Ẹ kọ ọ́, sà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà!"

"Àyọ̀kẹ́," Monínúọlá ní, "ṣé ìwọ lo sin wọ́n síbẹ̀ ni?"

Àyọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka nu eruku orí táìlì.

"Dìde. Ibi tí a ń sá kòkó sí nìyẹn, èmi ni mo fi táìlì bò ó kí ojú rẹ̀ lè mọ́. Bàbá mi wà ní itẹ́ òkú ìjọ, ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí a má sin òun sílé, pé òun kò fẹ́ di ẹrù lọ́rùn ilé tí òun kọ́."

Ọlálérè dé fìlà rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Àyọ̀kẹ́ dìde, ó gbọn eruku orúnkún nù, ó sì bú sẹ́kún. Monínúọlá rò pé ó ń sunkún nítorí ó purọ́. Ó ní òun ti dárí jì í.

Ó ku ọ̀kan. Lẹ́yìn ilé ìdáná, igbó ló wà níbẹ̀, igbó gidi, tó jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò ń da ìdọ̀tí sí. Ọlálérè dúró sí etí igbó náà. Ó wọn ilẹ̀ láti iwájú ilé dé ibẹ̀. Ilẹ̀ kékeré ni. Ilé àtijọ́ lórí ilẹ̀ kékeré, nínú àdúgbò tó ti ń gbó: kò tó nǹkan, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi wúrà rẹ́ ògiri. Gbogbo búlọ́ọ̀kù àti páànù tí Monínúọlá ti ń bá a jà lé lórí láti àárọ̀, wọn kò lè yí ìyẹn padà. Ọlálérè mí kanlẹ̀. Ó ti ń ká tépù rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ilẹ̀ yín parí sí, Mà," ó ní. Kò fi ṣe ìbéèrè.

Àyọ̀kẹ́ di ọwọ́ Monínúọlá mú. Ó dì í mú gírígírí.

Monínúọlá wo igbó náà pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí: ó mọ̀. Kò sí ẹni tó lè ní kò mọ̀.

"Kò parí síbẹ̀," ó ní.

Ó gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Àyọ̀kẹ́, ó mú àdá nílé ìdáná, ó ṣáájú. Wọ́n gba inú ọ̀rá àti ìgò fífọ́ kọjá, ẹ̀gún ń fa aṣọ wọn, títí wọ́n fi dé ibi tí àwọn pèrègún tò sí lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n ga, wọ́n dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé-ìwé níbi ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ àárọ̀. Pèrègún ni àwọn baba wa fi ń pa ààlà, nítorí kì í kú, kì í sì í rìn. Lẹ́yìn pèrègún, gọ́tà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn gọ́tà, títì ọlọ́dà fífẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ọ̀kadà àti ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀. Nígbà ayé Tíṣà Adéjọbí, ipa ẹsẹ̀ tó lọ sódò ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò tilẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ kékeré ti di ilẹ̀ tó jáde sí títì méjì.

Ọlálérè dúró, ó ń wo àwọn ọkọ̀. "Mà, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fi hàn mí yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Bí mo bá kọ ọ́ pé ilẹ̀ yín dé ibí, wọn yóò tà á kí oṣù tó lé."

"Ṣé kí n wí pé kò dé ibí ni?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà lè dákẹ́."

Monínúọlá fi ọwọ́ kan ara pèrègún kan. "Ọjọ́ tí Bàbá gbin èyí, èmi ni mo di okùn mú lápá ibí. Ọmọ kékeré ni mí. Ó ní, 'Má fà á jù, má sì dẹ̀ ẹ́ jù. Tiwa nìkan la fẹ́.' Tí mo bá ní ẹ̀yìn ilé ìdáná ló parí sí, ṣé Bàbá ló jí ilẹ̀ yòókù ni, àbí kò mọ̀ ọ́n wọ̀n? Ẹni tó kọ́ gbogbo Adó ní ìṣirò!"

Ọlálérè kọ ọ́. Kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Nígbà tó ń lọ, Monínúọlá gbé omi tútù fún un nínú ife gíláàsì lórí àwo, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fara balẹ̀ wo ilé dáadáa. Kò lè mu omi náà tán.

Lẹ́yìn náà, Akínbọ́lá pè é lórí fóònù láti Ìbàdàn. Ohùn rẹ̀ ga bí ti ọmọdé. Ó ka iye tí Ọlálérè wí, ó tún un kà. Ó tó nǹkan. Ó ju ohun tó tó nǹkan lọ.

Monínúọlá gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Kí ló sọ nípa ògiri?"

"Ògiri wo?"

"Ògiri ulé. Ṣó kọ ọ́ pé búlọ́ọ̀kù ni?"

Akínbọ́lá ń ṣí ìwé wò. "Ó kọ ọ́. Ó ní búlọ́ọ̀kù ni, ó lágbára. Nítorí náà, kí a yọ díẹ̀ kúrò nínú iye ilẹ̀, nítorí owó tí ẹni tó bá rà á yóò fi wó o yóò pọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ ni wọ́n ń rà, Sìsítà. Ilé kò já mọ́ nǹkan kan."

Ohun tí Monínúọlá kò mọ̀ nìyẹn, nínú gbogbo ohun tó mọ̀.

Ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ ilé epo ló rà á. Wọ́n pín owó sí mẹ́ta, kò sí èrú níbẹ̀ rárá. Ìdá ti Monínúọlá kò lè ra ilé ní Òkè-Ìlá, kò lè ra ilẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ti wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi bó ṣe wọ́n tó hàn. Ó háyà yàrá àti pálọ̀ kan lọ́nà Ìyìn. Bí ó bá ń ná an díẹ̀díẹ̀, owó náà yóò gbé e di ẹni ọgọ́rin ọdún. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ara rẹ̀ le, pé yóò pẹ́ láyé. Kò sí ẹni tó bá a yọ̀.

Àyọ̀kẹ́ rí yàrá kan sún mọ́ Ọjà Ọba. Ó ní òun yóò máa wá kí i. Ó wá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n jókòó, wọ́n wo ilẹ̀. Àyọ̀kẹ́ ní, "Ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kí n fi ewúrẹ́ yẹn gba pálọ̀." Monínúọlá ní, "Ṣé ewúrẹ́ ló kù ni?" Nígbà náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò tún padà wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wó ilé, Monínúọlá wọ ọkọ̀ láti ọ̀nà Ìyìn, ó lọ dúró sí òdìkejì títì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kó jókòó, ó kọ̀. Katapílà gbá ògiri iwájú, ògiri dúró. Ó tún gbá a, ó dúró. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó nu òógùn, ó bú ẹni tó kọ́ ilé náà àti ìyá ẹni náà, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n ní yóò parí kí oòrùn tó mú, ó máa mú òun di ọ̀la. Nínú gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀, Monínúọlá nìkan ló gba èébú náà bí ẹni gba oríyìn. Ó dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ibi tí wọ́n kọ 1958 sí bọ́ sílẹ̀, ó wo ibi tó bọ́ sí, ó kọrí sí ibùdókọ̀.

Ó ṣì wà nínú ọkọ̀ nígbà tí Akínbọ́lá pè. Ó fẹ́ bi í bóyá ó ti gba owó tirẹ̀ pé. Monínúọlá ní òun ti gbà á.

"Ọlálérè yẹn, Sìsítà, ọlọ́gbọ́n ni," Akínbọ́lá ní. "Báwo ló ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ wa dé títì? Èmi àti Ṣèyítán ò mọ̀. Ìdá ńlá nínú owó yẹn, ibẹ̀ ló ti wá. A ti pinnu pé a máa ra àgbò kan fún un, àgbò gidi, pé ó ṣeun. Àbí ẹ̀yin ò rí i pé ó tọ́ sí i?"

Ọkọ̀ náà kún, ariwo pọ̀ níbẹ̀. Monínúọlá, tí kò gbọ́ àṣìsọ kan rí kí ó má tún un ṣe, gbé fóònù sí etí, ó ń wo ojú fèrèsé, kò wí nǹkan kan.

"Sìsítà? Ẹ ń gbọ́ mi?"

Wọ́n ti ra àgbò náà, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ń jẹ èèpo iṣu. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa dé ibí yìí, tí ẹ mọ ẹni tó fi ààlà ilẹ̀ náà hàn, ilé ta ni kí wọ́n fà á lọ?